Gíláàsì Kan, Ọkọ̀ Méjì

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, táyà mẹ́rin ló fi rìn wọlé. Èmi akọ̀wé ààfin ti ṣí ìwé, mo ti kọ ọjọ́ sórí rẹ̀, àfi bí mọ́tò kan ṣe já wọ àgbàlá, tó dúró gbàgà níwájú Kábíyèsí, tí obìnrin kan sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé.

Tísà ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ́ ọmọ ìdajì àwọn olóyè tó jókòó níbẹ̀, ó sì ti na ọmọ ìdajì yòókù.

Ó kúnlẹ̀ kí Kábíyèsí, ó dìde kíá, ó nàka sí ọkọ̀ rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi wo fèrèsé yẹn."

Gbogbo wa wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó èrò iwájú, níbi tó yẹ kí gíláàsì wà, ihò lásán ló wà níbẹ̀.

"A ò rí nǹkan kan," Kábíyèsí wí.

"Ohun tí mo wá fẹjọ́ sùn gan-an nìyẹn! Má Fòyà ló fà á."

Má Fòyà ni ọkùnrin tó ń pààrọ̀ gíláàsì mọ́tò lójú ọ̀nà ọjà. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ohun tó ń wí fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ ni, tí wọ́n sì wá fi ń pè é. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó.

"Tísà, fara balẹ̀," ni Kábíyèsí wí. "Ta ló fọ́ gíláàsì rẹ?"

"Ọkọ mi ni, Kábíyèsí. Ó gbé àkàbà léjìká, ẹnìkan kí i lẹ́yìn, ó yíjú pẹ̀lú ẹ̀rín, ìdí àkàbà sì wọ inú gíláàsì."

"Ta ló kí i?"

"Kábíyèsí, ẹjọ́ ìyẹn ń bọ̀ lọ́tọ̀."

Mo fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé mi.

"Mo gbé ọkọ̀ tọ Má Fòyà lọ," Tísà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, gíláàsì ti wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Inú mi dùn. Mo lẹ sítíkà ilé-ìwé wa mọ́ ọn, èyí tí wọ́n kọ 'Dákẹ́, Ọmọ Ń Kàwé' sí. Ló bá ní, 'Tísà, rọ́bà tó di gíláàsì yìí mú ṣì jẹ́ ọmọ tuntun o. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí ilé-ìwé bá ti parí, ẹ gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi kí rọ́bà sinmi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.'"

"Kí kí ni sinmi?"

"Rọ́bà, Kábíyèsí. Ó ní rọ́bà ayé àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, pé ti òde òní mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀."

"Ìwọ Tísà, o sì gbà?"

"Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, Kábíyèsí, n kì í kọ́ wọn ní rọ́bà. N kì í sì í gbé ọkọ̀ jáde lópin ọ̀sẹ̀, ìwé àwọn ọmọ ni mo máa ń jókòó máàkì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń gbé ọkọ̀ lọ, tó ń fi tapólì bò ó bí òkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí ni ọmọ mi obìnrin tó wá bímọ sọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Òjò ń rọ̀ bí ẹni fi garawa dà á. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù, Má Fòyà ò sí níbẹ̀. Mo fa tapólì ya. Kábíyèsí, kò sí gíláàsì!"

Àwọn olóyè ṣe "hàáà."

"Mo gbé ọmọ mi síwájú torí ìwé kún ẹ̀yìn. Òjò ń wọlé, omi ara ọmọ náà sì ti dà. Nígbà tó yá, n ò mọ èyí tí í ṣe ti òjò mọ́, n ò sì mọ èyí tí í ṣe ti ọmọ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Tísà wò ó, ẹ̀rín náà sì padà sínú.

"Mo tú gèlè mi, mo fi ọwọ́ kan nà án dí ihò yẹn, mo fi ìkejì wa ọkọ̀. Ọmọ mi ń gbọ̀n. Ó ní, 'Màmá, òtútù.' Ohun kan ṣoṣo tó ń wí nìyẹn, 'Màmá, òtútù.' Mo rò pé yóò kú sí mi lọ́wọ́ kí n tó dé ọsibítù, Kábíyèsí."

Ìyálóde bi í jẹ́ẹ́ pé, "Ó bí i láyọ̀?"

"Ó bí i láyọ̀, ẹ ṣeun. Ọkùnrin ni, igbe rẹ̀ ò sì jẹ́ ká gbádùn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí. Bí mo ṣe jáde síta ọsibítù, kí ni mo rí? Ọkọ̀ bíi tèmi, àwọ̀ bíi tèmi, òjò kan ò wọ inú rẹ̀. Ó ní gíláàsì. Lára gíláàsì náà ni wọ́n kọ 'Dákẹ́, Ọmọ Ń Kàwé' sí!"

Ariwo sọ. Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè, ó kọjú sí Má Fòyà.

"O gbọ́ gbogbo rẹ̀?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Òótọ́ ni Tísà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi ibi tó ti dà bíi pé mo jẹ̀bi."

"Ṣàlàyé."

"Kábíyèsí, gíláàsì irú ọkọ̀ yìí ti wọ́n bí ojú. Ọjọ́ kan náà ni Tísà àti Réfírì tó ń fọn fèrè bọ́ọ̀lù ní pápá gbé ọkọ̀ wọn wá. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ló fọ́. Mo wá gíláàsì títí tí bàtà mi fi já, ẹyọ kan péré ni mo rí. Bí mo bá fún Tísà, Réfírì á sunkún. Bí mo bá fún Réfírì, Tísà á nà mí. Mo jókòó, mo ronú. Tísà kì í jáde lópin ọ̀sẹ̀. Réfírì kì í sì í gbé ọkọ̀ jáde àfi lópin ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀lù bá wà. Bí bàbá bá ní ọmọ méjì àti ẹ̀wù kan, tí wọn kì í jọ jáde, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kó jẹ́ kí wọ́n máa gbà á wọ̀ láàárín ara wọn?"

"Kí ló dé tó o ò sọ fún wọn?"

"Há, Kábíyèsí! Ẹ̀yin lẹ ní olorì mẹ́ta. Ṣé ẹ máa ń sọ fún ọ̀kan ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ yàrá tirẹ̀ ni?"

Kábíyèsí wúkọ́. Ìyálóde fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fẹ́ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, Kábíyèsí wo ọwọ́ mi, gègé sì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ẹ pe Réfírì," ó wí.

Réfírì wọlé pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀, fèrè dún lábẹ́ rẹ̀, olóyè kan tó ti ń sùn ta jí, ó ní, "Góòlù?"

"Réfírì, ìgbà wo lo mọ̀ pé gíláàsì yìí kì í ṣe tìẹ nìkan?"

"Mi ò mọ̀ rárá, Kábíyèsí."

"Sítíkà ara rẹ̀ ńkọ́? O ò rí i?"

"Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Mo bi í. Ó ní kí n má fòyà, pé àwọn tó ṣe gíláàsì náà fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ni."

"O sì gbà á gbọ́?"

"Kábíyèsí, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún èèyàn ń bú ìyá mi ní pápá. Kí n wọ ọkọ̀, kí n rí ibi tí wọ́n kọ 'Dákẹ́' sí, ara ń tù mí. Mi ò fẹ́ ìwádìí."

Tísà fò sókè. "Ẹ ò rí i? Ó mọ̀!"

"Mi ò mọ̀!"

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ti ń wo sítíkà ilé-ìwé mi lára fèrèsé rẹ?"

Réfírì fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. Mo rò pé káàdì ló fẹ́ yọ. Ó rántí ibi tó wà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí," ó ní, "mo ṣe ohun tí oníṣẹ́ sọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń gbé ọkọ̀ lọ kí rọ́bà tèmi náà lè sinmi di ọjọ́ Ẹtì."

Ìyálóde jókòó dáadáa. "Rọ́bà tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì, tó ń sinmi ọjọ́ márùn-ún? Ìyẹn kì í ṣe rọ́bà mọ́, olóyè ni."

Àwọn olóyè kan ò rẹ́rìn-ín.

Má Fòyà ní òun ní ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Alẹtáyà jáde síwájú, epo dúdú dé ìgúnpá rẹ̀, ó búra pé òótọ́ lòun yóò sọ.

"Kí lo rí?" Kábíyèsí bi í.

"N kò rí nǹkan kan, Kábíyèsí. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó fi ń yọ gíláàsì kúrò lára ọkọ̀ Réfírì, tí mo ń bá a di ìdí rẹ̀ mú, ojú mi ò sí níbẹ̀."

"O bá a di ìdí kí ni mú?"

"Gíláàsì."

"Gíláàsì tó o ò rí?"

"Ó mọ́ jù ni, Kábíyèsí. Gíláàsì tó bá mọ́, ta ló ń rí i?"

"Èmi ni mo ń nù ún!" Tísà pariwo.

Má Fòyà ń ṣẹ́jú sí ẹlẹ́rìí rẹ̀. Alẹtáyà rò pé ó ní kí òun fi kún un ni.

"Yàtọ̀ sí ìyẹn, Kábíyèsí, kì í ṣe ẹyọ kan. Gíláàsì méjì ni Má Fòyà ní."

"Ẹyọ kan lòun fúnra rẹ̀ sọ. Níbo ni ìkejì wà?"

Alẹtáyà wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. "Ìyẹn tún mọ́ ju àkọ́kọ́ lọ."

"Ẹ mú un jáde," Kábíyèsí wí, wọ́n sì mú un jáde.

Ìgbìmọ̀ forí korí. Olóyè kan ní kí wọ́n gé gíláàsì náà sí méjì. Òmíràn ní kí wọ́n fẹ́ Tísà fún Réfírì kí wọ́n lè jọ máa lò ó. Tísà bi í pé kíláàsì wo ọmọ rẹ̀ wà nísinsìnyí. Olóyè náà tọrọ àforíjì.

Kábíyèsí wo Má Fòyà títí. Ìta ti ń ṣú, òjò ń bọ̀.

"Má Fòyà, o mọ iṣẹ́ rẹ. Kí ni gíláàsì ń ṣe lára ọkọ̀?"

Inú Má Fòyà dùn pé wọ́n bi òun ní ohun tó mọ̀. "Kábíyèsí, ó ń dí òjò. Ó ń dí eruku àti afẹ́fẹ́. Bí onímọ́tò bá sì fẹ́ atẹ́gùn, á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá tún ní kó gòkè, á gòkè."

"O mọ̀ ọ́n dénú. Nítorí náà, ìwọ ni gíláàsì."

"Kábíyèsí?"

"Èyí tó wà lára ọkọ̀ Réfírì, kó má ṣí kúrò níbẹ̀ mọ́. Láti wákàtí yìí, ojú fèrèsé Tísà ni ìwọ yóò máa jókòó sí. Bó bá jáde, o ó bá a jáde. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀yìn rẹ ni kó o fi dí i. Bó bá ní 'sọ̀', kó o tẹ̀ kalẹ̀. Bó bá ní 'gòkè', kó o nàró. N ò tíì rí gíláàsì tó ń sọ̀rọ̀ rí, nítorí náà, pa ẹnu rẹ dé. Ọjọ́ tó o bá rí gíláàsì gidi, ọjọ́ náà lo ó padà di èèyàn."

Má Fòyà lanu. Ìyálóde fìka kan ètè rẹ̀. Ó pa á dé.

Òjò ti dé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Mo dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò wọ́n. Má Fòyà kọ ẹ̀yìn sí ihò náà, ó na apá méjèèjì di òkè ọkọ̀ mú. Mo gbọ́ ohùn Tísà, ohùn tó fi ń pe ọmọ ilé-ìwé: "Sọ̀!" Orí Má Fòyà pòórá. Òjò fọ́n wọlé, ó kan Tísà náà, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó dùn ún. "Gòkè!" Orí náà tún yọ, omi ń ṣàn ní imú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ, ó ń sọ̀, ó ń gòkè, títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà ọsibítù tí Tísà fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Gíláàsì tí Má Fòyà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò rí, àárọ̀ òní ló gbé e dé ilé Tísà, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀ wé e. Mo lọ síbẹ̀ kí n lè kọ ìparí ẹjọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Ó tú ilẹ̀kùn, ó gbé gíláàsì wọ inú rọ́bà, ó dè é, ó nù ún. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀.

Tísà wọ inú ọkọ̀ jókòó, ó yí gíláàsì náà sọ̀, ó yí i gòkè. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀meje. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, ó sì mi orí pé ó ti tó.

Má Fòyà bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé, omi ti gba gbogbo ara rẹ̀.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́ mà, bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́nà ọjà, ẹ gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Òtútù ń mú mi."

Tísà wo ojú ọ̀run. Ó wo Má Fòyà. Ó rọra yí gíláàsì náà gòkè títí ó fi dé òkè pátápátá, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.