Delmar Aláìṣìṣe àti Koríko Ẹ̀yìn Gáréèjì

Ní ìlú wa, Larkin Fork, ọkùnrin kan wà tí kò ṣìṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Delmar Quist ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ajá àdúgbò fi máa ń dìde kúrò nílẹ̀ bí ó bá ti la ẹnu.

Delmar Aláìṣìṣe. Delmar a-wọn-ẹ̀tù-bí-ẹni-wọn-wúrà. Delmar tí ń wo dígí kí ó tó wo ojú ìbọn. Àwa la fún un ní oríkì wọ̀nyí, ó sì gba gbogbo rẹ̀ tọpẹ́tọpẹ́. Ẹni tí ebi ìyìn ń pa kì í yẹ ọbẹ̀ wò kí ó tó jẹ ẹ́.

Ọdẹ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọta ìbọn nínú gáréèjì. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìfarabalẹ̀. A ó ki ìṣáná tuntun, ìyẹn èyí tó ń ta iná sí ẹ̀tù, bọ ìdí ìkarahun idẹ, a ó wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, a ó sì fi orí ọta dé e lẹ́nu. Bí ènìyàn bá wá ṣiyèméjì nípa ohun tó rọ sínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ yìn ín. Yóò wọ awò ojú, yóò mú òòlù ayọrí, ìyẹn òòlù tí orí rẹ̀ ní ihò nínú, yóò fi ọta náà há inú ihò yìí, yóò sì máa gbá a mọ́ kùkùté igi títí orí ọta yóò fi yọ, tí ẹ̀tù yóò sì dà jáde. A kì í dá ẹ̀tù tí kò dá wa lójú padà sínú ìgò. Orí koríko là ń dà á sí. Koríko fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ará ìlú wa bá fẹ́ sọ pé òun ṣe àṣìṣe, yóò ní, "Mo bọ́ koríko lánàá." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Iwájú ilé Ìyá àgbà Hulda Aamodt, tó ti ń rọ ọta kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé, kún fún àpá koríko tútù yọ̀yọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Delmar nìkan ni kò bọ́ koríko rí. Bí ó bá ń wakọ̀ kọjá, yóò rọra dúró, yóò sì yọ orí síta.

"Ìyá àgbà, mo rí i pé ẹ tún ti dẹ́ṣẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó yẹn."

"Èyí tí mo jẹ́wọ́ nìyẹn," Hulda á dá a lóhùn. "Tìẹ dà?"

"Èmi ò tiẹ̀ ní òòlù ayọrí nílé. Ẹni tí eyín ẹ̀ pé, kí ló fẹ́ fi eyín àtọwọ́dá ṣe?"

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ẹgbẹ́ ọdẹ wa fẹ́ yan Olórí Ààbò tuntun. Oyè náà kò ní owó oṣù. Ohun tó ní ni ìṣó kan lára ògiri ilé ẹgbẹ́, lábẹ́ ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ: ÀÀBÒ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé fọ́tò olóyè kọ́. Delmar ti lọ wo ìṣó náà. Ó ti mú férémù lọ wọ̀n ọ́n. Òun nìkan ló sì jáde du oyè, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ fún ọdún kan bí ó bá fìdí rẹmi.

Ní ọdún kan náà ni oríire dé bá Marlys Tande, opó tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Ọdọọdún ni ìjọba máa ń ṣẹ́ gègé láti mú àwọn tó lè pa akọ àgbọ̀nrín ńlá ní òkè wa. Ọdọọdún ni Marlys sì ń du ú láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Lọ́tẹ̀ yìí gègé mú un. Ìròyìn náà kò tíì tutù tí Delmar fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Marlys, èmi ni màá rọ ọta ẹ. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ wo nìyẹn, Delmar?"

"Ọ̀fẹ́ pátápátá. Ẹran ẹ̀yìn nìkan ni màá gbà."

Ẹran ẹ̀yìn ni èyí tó sùn ti eegun ẹ̀yìn, tó rọ̀ ju gbogbo ara ẹran lọ. Ẹni tó bá fi í tọrẹ ti fi ọbẹ̀ tọrẹ, ó ku kí ó máa lá ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ Marlys ti ṣẹ́ nígbà òtútù, kò sì tíì lè di òṣùwọ̀n kékeré mú dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Ọjọ́ tí Delmar jókòó ti ọta Marlys gan-an ni wọ́n wá ya fọ́tò rẹ̀ fún kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Òfin wa ni pé ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà lórí tábìlì. Delmar mọ òfin náà; òun ló máa ń pariwo rẹ̀ mọ́ wa létí. Ṣùgbọ́n ìgò kan kò kún fọ́tò. Nítorí náà ó kó gbogbo ìgò rẹ̀ jáde, ó ṣí ìdérí wọn, ó sì tò wọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ọ̀gágun tó to àmì ẹ̀yẹ sáyà. Nígbà tí ayafọ́tò lọ tán, ó ya irun rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ìgò kan, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó rọ ti Marlys, ó rọ òkìtì ńlá tirẹ̀ náà mọ́ ọn.

Ìgbà tó fẹ́ dá èyí tó ṣẹ́ kù padà sínú ìgò ló tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn ńlá máa ń rí bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Èyí kúnná bí iyanrìn. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ ni, èyí tó ń yára jó ju ti ìbọn ńlá lọ. Ẹni tó bá rọ ọ́ kún ọta ìbọn ńlá, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Marlys sì ti gbé páálí tirẹ̀ lọ sílé.

Ìwọ tó ń ka èyí, ìbá ti sáré lọ bá Marlys. Delmar náà sáré. Ó sáré lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ó sì ra òòlù ayọrí.

Láti ọjọ́ náà la ti ń gbọ́ kò, kò, kò nínú gáréèjì rẹ̀.

"Kí lò ń kàn, Delmar?"

"Ilé ẹyẹ."

"Láti ọjọ́ yìí?"

"Àwọn ẹyẹ náà pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó yọ orí gbogbo ọta tirẹ̀, tí ó ń ti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn da ẹ̀tù wọn nù láì wo ibi tó ń bọ́ sí. Ó wá ku ti Marlys. Ó gba ilé rẹ̀ lọ.

"Marlys, gbé àwọn ọta yẹn wá, kí n bá ẹ nù wọ́n kí wọ́n dán."

"Wọ́n dán tó. Àgbọ̀nrín ò ní fi wọ́n wo ojú ara ẹ̀."

Ó tún padà lọ.

"Jẹ́ kí n fín orúkọ mi sí wọn nídìí."

"Ṣé orúkọ ẹ ló máa pa á ni?"

Gbólóhùn kékeré kan ló kù tí kò gbìyànjú: mo ṣìṣe. Ó há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kò ní sí nǹkan kan. Arlette, ìyàwó rẹ̀, sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kò sí òru kan tí kò hanrun.

Ọgbà ilé Delmar la ti ṣe ìpàdé ìbò náà, ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù kẹjọ. Òjò kò tíì rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìlú sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má bomi rin koríko. Gbogbo koríko ìlú ti gbẹ bí kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ ìkòkò gbó. A ń yan ẹran, a ń jẹ àgbàdo. Delmar gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá gé mi lábẹ lónìí, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló máa jáde. Ààbò ni. Ta ló ti rí àṣìṣe lọ́wọ́ mi rí?"

Marlys gbé eèpo àgbàdo sílẹ̀. "A ò rí i. Ilé ẹyẹ ẹ ńkọ́? Mo fẹ́ wò ó ká tó dìbò. Lọ́la màá tètè lọ yin ọta mi wò ní pápá ẹgbẹ́, mi ò ní ráyè."

"Ó wà lẹ́yìn gáréèjì," ni Delmar wí. Irọ́ náà ti jáde kí ọgbọ́n tó ti ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n kò ṣeé wò lónìí o. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Marlys fẹ́ràn ẹyẹ. Ó ti ń lọ. Àwa náà gbé àwo wa, a tẹ̀ lé e.

Kò sí ilé ẹyẹ níbẹ̀. Koríko ló wà níbẹ̀. Ó tutù bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, ó ga dé orúnkún, ó sì tẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ibi tí ọwọ́ ọkùnrin kan lè da nǹkan dé. Ní ìlú wa, ọmọ ọwọ́ pàápàá lè ka irú koríko bẹ́ẹ̀.

"Ilé ẹyẹ náà dà?" ni Hulda bi í.

"Mo ti tú u. Kò dára tó."

"O ṣìṣe, àbí?"

"Rárá, Ìyá àgbà. Ilé náà ló ṣìṣe."

"Koríko yìí ńkọ́?"

"Omi ìfọṣọ Arlette ló ń ṣàn gba ibẹ̀."

Arlette dá ọwọ́ dúró lórí ẹran tó ń gé nítòsí. "Omi ìfọṣọ mi ti ń gba ibẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, koríko ò hù báyìí rí." Ó wọlé, ó sì mú òòlù ayọrí jáde, ìyẹ̀fun bò ó. "Inú àpò ìyẹ̀fun mi ló ń fi í pamọ́ sí. Mo ti ń wá ẹni tí màá fi hàn."

Marlys kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Delmar, ọta tèmi ńkọ́?"

Delmar ń wo bàtà rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo rọ tèmi?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò."

Marlys lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé páálí náà wá. Hulda wọ awò ojú, ó fi ọta kan há inú òòlù, ó sì gbá a mọ́ kùkùté igi páìnì. Kò, kò, kò. A mọ ohùn náà. Orí ọta yọ. Hulda da ẹ̀tù rẹ̀ sínú àwo funfun, ó sì gbé e yí ká kí gbogbo wa rí i. Ó kúnná bí iyanrìn.

"Lọ́la ni ìbọn ìbá fọ́ mọ́ ọ lójú," ó sọ fún Marlys.

"Mo fẹ́ sọ fún un," ni Delmar wí. "Lẹ́yìn tó bá ti dán an wò tán, tí mo bá rí i pé ó—"

"Lẹ́yìn tí mo bá dán an wò," ni Marlys wí.

Kò sí ẹni tó tún béèrè ìbò. Marlys ti awò ojú àti òòlù sí Delmar lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ ti kùkùté náà síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Delmar Aláìṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òógùn ń ba irun tó ti yà jẹ́, bí ó bá sì ti yọ ọ̀kan, yóò gbé ẹ̀tù rẹ̀ rìn kọjá láàárín wa lọ dà á sí iwájú ilé, lẹ́bàá ojú títì, ibi tí Marlys nawọ́ sí. Àwọn kan ń fi ṣíbí lu àwo tẹ̀ lé òòlù rẹ̀.

"Máa bọ́ ọ, Delmar," ni Hulda wí. "Ebi ń pa á."

Hulda ló rọ ọta mìíràn fún Marlys. Marlys pa akọ àgbọ̀nrín rẹ̀, ó dín ẹran ẹ̀yìn ní ilé ẹgbẹ́, gbogbo wa sì jẹ níbẹ̀. Ọrùn ló kan Delmar.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà jáde, Hulda gé fọ́tò Delmar kúrò nínú rẹ̀: Delmar pẹ̀lú ẹ̀rín, àti gbogbo ìgò tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó tí Delmar ti wọ̀n, lábẹ́ ọ̀rọ̀ pupa náà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ìgò kan ṣoṣo lórí tábìlì. Ẹ má ṣe bíi tẹni yìí.

Delmar wá. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, a sì rò pé ìrònúpìwàdà ti dé nìyẹn. Nígbà tó yá, ó yíjú sí wa.

"Ta ló gbé e kọ́?" ó béèrè. "Ó wọ́ sí òsì. Ẹ ti ṣìṣe."