Wijdan Kọ Ìròyìn Nípa Bàbá Rẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ àgọ́ Ṣéù Diyab, olórí ẹ̀yà wa, lánàá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwa ìgbìmọ̀. Muflih tó ń da ewúrẹ́ ló pe Wijdan ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́jọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àgbáyé lọmọ náà ń kọ́ ní yunifásítì ní Amman, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọjọ́ kan péré, bàbá sì ti kó ìwé rẹ̀ tì mọ́ yàrá, ó ní kò lọ síbì kankan mọ́.

"Ṣéù, ọmọ yìí dójú tì mí! Ó lẹ ìròyìn mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá àlejò mi: 'Muflih ń fìyà jẹ aráalé. Ó ń hanrun, ẹnikẹ́ni ò rí oorun sùn. Òun nìkan ló ń di rìmóòtù mú.' Àlejò mẹ́rin ti kà á kí n tó jí!"

"Wijdan, kí lo rí sí i?"

"Ṣéù wa, Bàbá fúnra wọn ló fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráalé tí mo kọ nígbà ààwẹ̀. Ìwé náà rèé."

Muflih fò dìde. "Mo rò pé ìwé ọkà bálì tíjọba ń fún ewúrẹ́ ni!"

"Bí àwọn ìjọba tó fọwọ́ sí òfin àgbáyé náà ṣe máa ń wí nìyẹn," ni Wijdan dáhùn.

Ṣéù pe Fidda, ìyàwó Muflih.

"Ọkọ mi kì í hanrun rárá."

Turki, ẹ̀gbọ́n Wijdan, ké: "Màmá, kí ló wá gbé yín lọ sùn láàárín ewúrẹ́?"

"Ibẹ̀ ló dákẹ́ jù."

Muflih ṣe fáàrí. "Kí n hanrun, kí n má hanrun, ta ni yóò mú mi? Ọlọ́pàá òfin ẹ dà? Ìlú Geneva tí wọ́n ti ń ṣòfin àgbáyé, ṣé ilé mi wà níbẹ̀ ni?"

"Kò lọ́lọ́pàá, Bàbá. Ìtìjú ni ọlọ́pàá rẹ̀." Omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ parí ẹ̀."

Wọ́n bu kọfí. Ni Muflih bá gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀ láìmu. "Mi ò ní fẹnu kàn án, Ṣéù, àfi tẹ́ ẹ bá fún mi lóhun tí mo fẹ́. Kí ọmọ mi jókòó sílé!"

Yéè! Lọ́dọ̀ wa, ohun tí àlejò bá torí ẹ̀ kọ kọfí, dandan ni kí onílé fún un; Ṣéù wo ló máa jẹ́ kí kọfí àlejò tutù nílẹ̀ tójú ò ní tì í? Àánú Wijdan ṣe mí gan-an.

"Ó dáa," ni Ṣéù wí. "Kò lọ mọ́. Ilé rẹ ni yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni yóò máa kọ ìròyìn nípa rẹ. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, Fidda yóò máa kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú. Títí o ó fi kú."

Muflih gbé ife, ó da kọfí gbígbóná sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan mọ́. Kí á tó tú ká, ó ti sáré délé, ó ti kó ìwé sínú ọkọ̀, ó sì ti padà dé ẹnu àgọ́, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú.

"Wijdan! Ṣé o fẹ́ kí ìdánwò yẹn bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni?"