Ilésanmí Orí Àpáta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó kúrò nílùú yìí gan-an ni mo ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà l'Ékòó tó ń jẹ́ Láníyọnu. Kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó o. Nígbà tí Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ bímọ ọkùnrin, ó fa ìlà sáàárín ìwé kan: Èkó lápá kan, Abẹ́òkúta lápá kejì. Owó yàrá kan l'Ékòó gba yàrá mẹ́ta l'Ábẹ́òkúta. Gàárì ibẹ̀ dínwó, ata dínwó, kódà owó ìgẹrun dínwó. Ẹni tó ń bá wọn wá ilé níbẹ̀ sọ lórí fóònù pé òun ti rí ọ̀kan tó ń wo gbogbo ìlú. Láníyọnu sanwó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀, Láníyọnu ní Ilésanmí lòun sọ ọmọ òun. Ìyá Àṣàbí wò ó títí.

“Ọkọ Àṣàbí, ṣé o ti rí ilé náà?”

“Ó wà nínú ìwé, màámi.”

“Tí òjò bá dé, ṣé inú ìwé la máa sá sí?”

Wọ́n kó lọ. Awakọ̀ dúró nídìí àpáta ńlá kan, ó ní títì parí. Ilé náà wà lókè téńté bí ìtẹ́ ẹyẹ. Alábàárù ló ń gbé ẹrù gòkè, òun náà ló ń gbé omi. Tí wọ́n bá fi máa gbé gàárì débẹ̀, ó ti wọ́n ju ti Èkó lọ. Láníyọnu ní òun á gbé fóòmù fúnra òun. Fóòmù yọ̀, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì yí padà dé ìsàlẹ̀. Àwọn aládùúgbò gbé e dìde.

“Ẹ kú ewu ọmọ. Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Ilésanmí.”

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n Àṣàbí! Ọmọ lẹ́yìn, ìkòkò lórí, ó gòkè lẹ́ẹ̀mẹta láìkọsẹ̀, láìbú ọkọ. Ẹ ò rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún, gbé àpótí ìjókòó dání, ó ń jókòó, ó ń dìde, títí ó fi débẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́. Ọmọ tí ooru Èkó kì í jẹ́ kó sùn, oorun gbé e lọ. Màmá ní kí wọ́n gbé iyọ̀ wá.

“Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti kọjá, màámi.”

“Tìrẹ tí ò rílé ló kọjá.” Ó fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu. “Òkèyẹmí ni.”

Orúkọ tó mọ́ ọn lára nìyẹn dòní.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ṣírò gàárì àti ata tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọkọ̀ lọ fojú rí i. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tó bá sì wà lórí àpáta, ká gbé àpótí ìjókòó dání.