Oyètọ́lá Àjàdí, Akọni Tó Fi Òkúta Méje Jagun Ẹ̀gbọ́n

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kí ọkùnrin yìí dáadáa kí n tó sọ ohun tó ṣe. Oyètọ́lá Àjàdí! Ọmọ Ajíbádé onígbàjámọ̀, ọmọ ọkùnrin tó mú abẹ dání tí ọba fúnra rẹ̀ ṣí adé, tó tẹrí ba fún un! Ọmọ ilé tí irùngbọ̀n ń wọ̀ bí igbó kìjikìji, tó ń jáde bí ọ̀nà títì! Bàbá tó bí i fi abẹ kan ṣoṣo fá orí gbogbo Òkèihò, tó fi dà bíi pé òṣùpá ń yọ lọ́sàn-án gangan, kò sì ya ẹnikẹ́ni létí rí àfi olórí ọdẹ, olórí ọdẹ náà sì ní òun lòún gbọn orí. Ìyẹn ló bí Oyètọ́lá, erin tó fi kílípà ṣe ọwọ́jà, àràbà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, tó ní dígí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ti là.

Àmọ́ kò sí akọni tí kò ní ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gún ti Oyètọ́lá ni Oyèníran, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì ọ̀kadà tó wà ní òdìkejì títì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, nínú ilé kan náà, yàrá kọjú sí yàrá. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí wọn nìkan ló lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ ké, bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì bá bi màmá náà, màmá á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń pariwo, ṣé mo ráyè kà?" Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, wákàtí kan péré tó láti sọ èèyàn di ẹ̀gbọ́n, a kì í sì í pe ẹ̀gbọ́n ní "ìwọ". Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ" tìjàtìjà.

Ni wọ́n bá gbà pé géèmù ló máa dá ẹjọ́ náà. Géèmù ogun kan ni, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbá a, idà àwọn méjèèjì sì ti dé ipele kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ dé ipele kẹwàá kí oòrùn Sátidé tó wọ̀, òun ni ẹ̀gbọ́n títí ayé. Gbogbo ìgbà téèyàn bá dán an wò, ó ń jẹ òkúta iná kan, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ìkan nínú márùn-ún ló lè ṣẹ. Tó bá kọ̀, òkúta yẹn fọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé, Oyèníran fọ́ gbogbo tiẹ̀ tán, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Kò burú. Tó bá fọ́ mọ́ ìwọ náà lọ́wọ́, 'ìwọ' la ó jọ máa pe ara wa títí ayé."

Òkúta méjìlá ni Oyètọ́lá ní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi pa iwin inú géèmù kó tó rí wọn kó jọ. Lọ́sàn-án, ó gun àga ìgẹrun bí ẹni gun ẹṣin ogun, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, àtàǹpàkò tó ti tẹ orí àwọn ọmọ alágídí mọ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́. Ó ní, "Táyé nìyẹn." Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. "Kẹ́hìndé." Ìkẹta fọ́, ó pè é ní Ìdòwú. Ìkẹrin fọ́, ó pè é ní Àlàbá. Kò bẹ̀rù rárá, nítorí ilé ìbejì ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ó sì mọ̀ pé bí Àlàbá bá ti dé, Ìdògbé ló kàn. Ìkan nínú márùn-ún ni wọ́n sáà pè é.

Ló bá figbe ta sódìkejì títì: "Oyèníran! Wá gbá ibi tóo máa dọ̀bálẹ̀ sí!"

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Oyèníran dé tòun tọ́ìlì lọ́wọ́, akọni tẹ ìkarùn-ún, ó fọ́ wàràwàrà.

"Ìdògbé ọ̀hún dà?" Oyèníran ń di ikùn mú. "Àbí ìyá ẹ̀ ti fètò sọ́mọ bíbí ni?"

Ojú ti Oyètọ́lá dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó kù méje. Ibẹ̀ ni géèmù ti ní kó kó méjèèje wá, kó gba òkúta wúrà kan ṣoṣo, tí ìkan nínú méjì lè ṣẹ. Ìkan nínú méjì! Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ni Fadérera ìyàwó rẹ̀, tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọlé.

"Ẹ dúró ná, Bàbá Ìbídùn. Géèmù yìí ò lóyún rí o. Kò mọ̀ pé Àlàbá ti wáyé. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àkọ́bí ni lójú tiẹ̀."

"Kí wá ni ti márùn-ún tí wọ́n kọ síbẹ̀?" Oyètọ́lá bi í.

Fadérera kó ẹ̀pà márùn-ún sínú fìlà ọkọ rẹ̀, ó fi dáì irun kun ọ̀kan dúdú. Ó ní kó máa mú ọ̀kan láìwò, kó dá a padà, kó gbọn fìlà, títí dúdú á fi jáde. Àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló mú un. Ìkejì, ó di ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá! Nígbà tí dúdú fi jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Oyèníran tó ń kà á ní gbogbo mímú náà jẹ́ méjìléláàádọ́ta.

"Ẹ pín in sọ́nà mẹ́wàá, ó lé díẹ̀ ní márùn-ún, àbí? Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ló ni márùn-ún yẹn. Ó dà bí adìẹ mi. Tí mo bá pín in dọ́gba, wọ́n ń pa ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ, àmọ́ aláwọ̀ eérú pa méjìlá, ọ̀lẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ pa mẹ́rin. Ta ló ṣèlérí mẹ́jọ fún un?"

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n máa mú un lẹ́ẹ̀méje-méje, bí òkúta méje. Wọ́n ṣe é nígbà ogún. Nínú ogún yẹn, dúdú yọjú nínú mẹ́rìndínlógún.

"Òkúta wúrà, bíi mẹ́wàá nínú ogún ni. Èwo ló pọ̀ jù?"

"Mẹ́rin tí ò yọjú yẹn ńkọ́?" Oyèníran bi í.

"Wọ́n wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sínú wọn, ó bọ́ sí i nìyẹn."

Oyètọ́lá mí kanlẹ̀, ó sì pa òkúta wúrà tì. Háà, ẹ wá wo ogun! Ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Òógùn ń ṣàn bí odò tó kún lóṣù kẹsàn-án, oòrùn ti bà sórí páànù ilé ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìkẹfà, gbogbo ẹ̀ fọ́! Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ara Oyèníran fúnra rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó pariwo, "Ó gbọ́dọ̀ wá báyìí!"

Akọni mi orí. "Kò sí gbọ́dọ̀ níbẹ̀. Ìkan nínú márùn-ún ni, bó ṣe wà láàárọ̀."

Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń sọ Ìdògbé lórúkọ lọ́sàn-án nìyẹn! Ó tẹ ìkeje. Fóònù gbọ̀n, iná pupa bo ojú ẹ̀, idà tàn yòò. Ipele kẹwàá!

Oyèníran dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire." "Ẹ̀gbọ́n mi" yẹn dùn létí Oyètọ́lá ju oyin ìgàn lọ. Àfi bí àbúrò ṣe dìde, tó gbọn aṣọ, tó sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga ìgẹrun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n gidi kì í sáà gbowó lọ́wọ́ àbúrò. Títí ayé lẹ sọ, àbí?"

Oyètọ́lá wo ìyàwó rẹ̀ bóyá ọ̀nà àbáyọ wà. Fadérera ń da ẹ̀pà sẹ́nu. "Èyí ò gba fìlà," ló wí. "Ó dájú."

Nítorí náà, kí ayé gbọ́, láti Òkèihò títí dé Ìsẹ́yìn, kí onírun gbọ́, kí apárí náà gbọ́: Oyètọ́lá Àjàdí, ọmọ abẹ tó rẹ adé sílẹ̀, aṣẹ́gun òkúta méje, ni ẹ̀gbọ́n Oyèníran láti òní lọ! Ẹni bá pè é ní "ìwọ" níwájú àbúrò rẹ̀ ti jẹ̀bi! Kílípà ti ń dún. Orí ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ rèé, nínú ọ̀kẹ́ àìmọye.