Tàmọ́sítáàtì Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìfẹ́ mọ́tò ṣe kó sí mi lórí ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni. Ní Ẹnuwà, awakọ̀ kan tú nǹkan idẹ kékeré kan kúrò lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná. Nǹkan náà ya ẹnu fúnra rẹ̀! Ó gbé e sínú omi tútù, ó pa ẹnu dé. Mo dúró wò ó títí àwọn èèyàn fi ń fura sí mi. Tàmọ́sítáàtì ló ń jẹ́, aṣọ́bodè omi inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á ti ilẹ̀kùn; bó bá gbóná tó, á ṣí i kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1990 tí mò ń sọ yìí, mi ò rí mẹkáníìkì kan ní Ifẹ̀ tí kì í yọ ọ́ sọ nù. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Wọ́n á ní: "Ìlú wa ò tutù bíi tòyìnbó, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n ti yọ ti mọ́tò Bàámi náà. Èmi tí mo ti kàwé nípa rẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó a máa mu epo jù, a sì máa tètè bàjẹ́. Mo ra tuntun. Mo gé páálí ọṣẹ ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní jẹ́ kí omi jò, mo sì dè é pa fúnra mi. Ọjọ́ wo ni mo mú? Ọjọ́ tó ku ọ̀la tá a máa lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mi ní Ìpetumodù. Ọ̀gbẹ́ni onímọ̀!

Bàbá Fúnmi, àfẹ́sọ́nà mi, ti ránṣẹ́ pé aago mẹ́wàá ni, pé bí ẹbí ọkọ bá pẹ́, kí wọ́n máa padà sílé. Kì í ṣe àwàdà. Wọ́n ti lé ẹni tó wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n Fúnmi bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò sì padà wá mọ́.

Èmi ni mo wakọ̀. Bàámi wà níwájú, Ìyá Ìlódè, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu àti èso. A ò tíì jìnnà tí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Kí ló ń ṣe fùùù yẹn?" Bàámi bi mí.

"Atẹ́gùn ni, sà."

"Atẹ́gùn tó ń rú èéfín?"

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi ń jò yọ létí páálí mi. Mo pinnu pé jíjò yẹn gan-an ni àrùn náà. Mo fi ọṣẹ dí i, mo da omi sí i, a gbéra. Abẹ́rẹ́ tún wọ pupa. Inú wá bí mi débi pé mo fi gbogbo agbára fún bóòtù ojú ibẹ̀ le. Páálí ya, omi ìpẹtà fọ́n sí bùbá funfun mi láti ọrùn dé ìdí.

Ìyá Ìlódè yọrí lójú fèrèsé. "Ọmọ àbúrò mi, ṣé ìyàwó lo fẹ́ lọ fẹ́ ni, àbí o fẹ́ kí iṣu yìí jinná ká tó débẹ̀?"

Mo fọwọ́ kan rọ́bà òkè tó ń gbé omi lọ sínú rédíétọ̀. Ó tutù! Ẹ́ńjìnnì ń hó, rọ́bà tutù bí ara àmù. A jẹ́ pé ilẹ̀kùn ò ṣí rárá, jíjò yẹn kọ́ ni àrùn. Kí ló dé tí kò ṣí? Ibi tí mo ti ń rò ó ni mẹkáníìkì kan ti dá alùpùpù rẹ̀ dúró, tó sì fọwọ́ kan rọ́bà náà.

"Ta ló ki tàmọ́sítáàtì bọ ibí yìí?"

Bàámi na ẹnu sí mi. "Injiníà wa nìyí."

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, ọkùnrin náà tú u, ó sọ ọ́ sínú igbó, ó fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibẹ̀. "A ti ń sọ fún yín, ìlú wa ò tutù!" Mọ́tò náà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó. Inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Mo kó sínú igbó pẹ̀lú aṣọ àna lọ́rùn. Bàámi ń fọn fèrè mọ́tò, mò ń ya koríko. Nígbà tí mo rí tàmọ́sítáàtì mi, mo yí i wò. Omi ìpẹtà inú ẹ́ńjìnnì ti kun ẹ̀yìn rẹ̀ dípò iwájú. Apá tó ní sípíríǹgì ló yẹ kó kọjú sí ẹ́ńjìnnì kó lè mọ ooru lára. Èmi ni mo gbé e kọ ẹ̀yìn.

Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tá a dé. Géètì wà ní títì.

"Ẹbí ọkọ ni, sà," Bàámi wí.

Bàbá Fúnmi dáhùn láti inú. "Aago mẹ́wàá ti lọ. Ẹ kú ìrìn o."

"Ẹ má bínú, ọmọ wa ló tún mọ́tò ṣe."

Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo pariwo lójú géètì: "Sà, irin náà ò ṣẹ̀! Èmi ni mo gbé e kọ ẹ̀yìn! Ẹ wò ó!"

Géètì ṣí díẹ̀. Bàbá wo bùbá mi tó ti di aláwọ̀ ìpẹtà, wọ́n wo koríko lórí mi, wọ́n wo idẹ ọwọ́ mi. "Ṣé bó o ṣe ń jà nítorí irin yìí lo máa jà nítorí ọmọ mi?"

Ìyá Ìlódè ló gbà á sọ. "Àna wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá gba nǹkan ẹ̀ sọ nù, inú igbó ló ń wá a lọ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣí géètì gbayawu.

Láti ìgbà náà, mi ò tún mọ́tò ṣe mọ́ bí ìrìn àjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, rọ́bà òkè ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kí n tó dá jíjò lẹ́bi. Inú ṣì ń bí mi sí mẹkáníìkì yẹn, torí Bàámi gbà títí dòní pé ọkùnrin náà ló gbọ́n jù wá lọ. Fúnmi, tó ti di ìyàwó mi, ní kí n dárí jì í. Kí ni mo fẹ́ ṣe ju kí n rẹ́rìn-ín lọ? Mo kúkú ti dá tàmọ́sítáàtì náà padà, sípíríǹgì kọjú sínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wakọ̀ lọ sí Ìpetumodù nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Abẹ́rẹ́ géèjì dúró lórí ìwọ̀n ooru méjìlélọ́gọ́rin, ibi tó yẹ kó wà gan-an, kò mì.