Táyà Tí Bánúsọ Kọ̀ Láti Dẹ̀

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà etí òkun fi máa ń sọ pé, "Ilé la ti ń dẹ táyà lọ bẹ àna"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, tó ń bi ara rẹ pé àgbà wo ló mọ táyà, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Àgbà tó mọ táyà ni mò ń sọ. Ohun tó bá dun èèyàn dénú egungun lónìí, ẹ fún un ní ogún ọdún, òwe ló máa dà. Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ bí mo bá rẹ́rìn-ín tán, àánú ló máa ń ṣe mí.

Ọkùnrin kan wà ní apá Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, Bánúsọ lorúkọ rẹ̀. Pákó ló ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé láti ibi tí wọ́n ti ń lagi. Bánúsọ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Kì í jalè, kì í lu ìyàwó, oúnjẹ kì í sì í wọ́n nílé rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa rí òun nínú píkọ́ọ̀pù yẹn. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀ ní ojúlé kejì, ọkọ̀ ló máa gbé lọ.

Fẹ̀yìntọlá ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Bàbá Ẹgbẹ́yẹmí, apẹja ní Ìdí-Àgbọn létí òkun. Ọ̀nà ọ̀dà ò dé Ìdí-Àgbọn. Níbi tí ọ̀dà bá parí sí, yanrìn ló kù, ó tó ìrìn wákàtí kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn á wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá Fẹ̀yìntọlá kú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, píkọ́ọ̀pù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Olówó orí mi," ni Fẹ̀yìntọlá wí, "ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Èmi? Kí n jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sìnkú ìyá ìyàwó mi, bí ẹni tí kò ní mọ́tò? Ìwọ máa lọ. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe tán, n ó bá yín níbẹ̀."

Wọ́n sin ìyá. Ọjọ́ kẹta kọjá, ọjọ́ kẹjọ kọjá, ogójì ọjọ́ kọjá, ọkọ ọmọ ò yọjú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Fẹ̀yìntọlá ò padà wálé. Píkọ́ọ̀pù jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ń dán, kò sì sí ẹni tó máa jókòó ti Bánúsọ nínú rẹ̀. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ilé òun tóbi jù, àmọ́ ojú ń tì í láti lọ bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá Ẹgbẹ́yẹmí pè é lórí fóònù. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Bánúsọ, ọmọ mi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Wàrì lọ́la. Bí òkun bá ti kún, ọkọ̀ wọn á gbéra. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lẹ́nu rẹ, wá sọ ọ́ kí omi tó kún. Kí o sì dẹ táyà rẹ kí o tó wọ yanrìn o."

Bàbá gé fóònù. Ọ̀rọ̀ méjì ni bàbá sọ, kí Bánúsọ tètè wá, kí ó sì dẹ táyà, ìyẹn ni pé kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Èyí tó yẹ kó máa rò, kò rò ó. Èyí tó jẹ́ ìmọ̀ràn ló di èébú létí rẹ̀. "Kí n dẹ táyà? Kí n wọ ilé àna mi pẹ̀lú táyà tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n lè sọ pé, ẹ wò ó, ọkọ̀ tí kò jẹ́ kó wá sìnkú náà nìyí? Láéláé!"

Ó dìde nídàájí, ó fọ ọkọ̀. Pákó mẹ́fà àti ṣọ́bìrì kan tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo, ó kó wọn sílẹ̀, ó ní wọ́n ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ó wá kó ẹrù ẹ̀bẹ̀ rọ́pò wọn: ogún iṣu, àpò ìrẹsì kan, ẹní tuntun kan fún bàbá, àti aṣọ etù kan tí Fẹ̀yìntọlá ti ń tọrọ láti ọdún méjì. Ó wọ agbádá. Ó gbéra.

Níbi tí ọ̀dà parí sí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàláwù wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ táyà. Òun ló máa ń dẹ táyà fún àwọn tó bá ń wọ yanrìn lọ, òun náà ló máa fẹ́ ẹ padà fún wọn bí wọ́n bá ń bọ̀. Bó ṣe rí píkọ́ọ̀pù, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dẹ̀ ẹ́."

"Kí lo fẹ́ dẹ̀? Fẹ́ ẹ sí i!"

"Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Fẹ́ ẹ sí i, kó le dáadáa. Ilé àna mi ni mò ń lọ."

Sàláwù wo ọkọ̀, ó wo agbádá. "Ọ̀gá, yanrìn kì í bá ohun tó le ṣọ̀rẹ́ o. Táyà tó bá rọ̀ á fẹ̀, á máa rìn lórí ẹ̀. Èyí tó bá le, ilẹ̀ lá máa gbẹ́."

"Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wakọ̀."

"Lókè lọ́hùn-ún, lórí ọ̀dà ni, ọ̀gá. Ó dáa, ẹ gba etí omi, níbi tí yanrìn ti tutù. Ẹ má dúró lójú ọ̀nà. Bó bá sì rì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tẹná."

Ó fẹ́ táyà. Ó fẹ́ ẹ títí ó fi ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí wọ́n bá lù ú. Bánúsọ fẹsẹ̀ gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, inú rẹ̀ dùn, ó wọ yanrìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọkọ̀ náà sáré níbẹ̀rẹ̀. Kò gba etí omi, kí omi iyọ̀ má baà ta sára ọkọ̀ tó fọ̀. Yanrìn gbígbẹ ló gbà, ó ń sáré geere, ó sì ń to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe ń lọ. "Bàbá, ẹ má bínú, mẹkáníìkì yẹn ló…" Ó ní rárá, kò tíì wọlé tó. "Bàbá, ẹ ò mọ bí àwọn mẹkáníìkì ìsinsìnyí ṣe rí…" Ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ló tò. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹkáníìkì ló jẹ̀bi.

Ó ku díẹ̀ kó dé Ìdí-Àgbọn ló bá àwọn apẹja bíi mẹ́wàá tí wọ́n ń fa àwọ̀n láti inú òkun. Ọmọ Yorùbá sì ni Bánúsọ, wọ́n tọ́ ọ sílé. Ta ló máa kọjá lára àgbà tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra.

"Má dúró!" ni àwọn apẹja pariwo. "Má dúró o! Máa lọ!"

"Ẹ ò fẹ́ kí n kí yín ni?" Ó tẹ bíréèkì, ó yọrí síta. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ojú gbogbo wọn ti wà lára táyà. Ọkọ̀ náà ń wọlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Kí ni Bánúsọ ṣe? Ó tẹná. Táyà ń yí, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, yanrìn sì ń fò lẹ́yìn, ó ń dà sójú, sẹ́nu àwọn apẹja àti sínú àwọ̀n wọn. Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà koríko ńlá, tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ gan-an, gba èyí tó pọ̀ jù. Bàbá náà funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

"Dẹ táyà," ni bàbá yẹn wí, ó ń tu yanrìn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bójú tó àwọ̀n yín. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹja."

Yéè! Mo rí i pé ẹ ti fura. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ẹgbẹ́yẹmí ni. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, láti ọdún méje, Bánúsọ ò tíì fojú kàn án mọ́. Nínú agbádá ló ti rí i lọ́jọ́ yẹn, kò rí i nínú ṣòkòtò kúkúrú àti yanrìn. Bàbá ò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó nu ojú, ó tún wí pé, "Omi ń kún o. Dẹ táyà."

"Ojú wo ni n ó fi wọlé àna mi?"

"Ìwọ ló mojú rẹ," ni bàbá wí.

Bánúsọ bọ́ sílẹ̀. Ó wá pákó, pákó wà nílé. Ó wá ṣọ́bìrì, ṣọ́bìrì náà wà nílé. Ó na ẹní tuntun sábẹ́ táyà, ó tẹná. Ilẹ̀ gbé ẹní mì. Ó to iṣu síbẹ̀, ogún iṣu, ó tẹná. Iṣu di iyán tí a ò sè tí a ò gún, ó dà pọ̀ mọ́ yanrìn. Ó gbé àpò ìrẹsì síbẹ̀, àpò bẹ́, àwọn adìẹ abúlé gbọ́, wọ́n ń sáré bọ̀. Àwọn apẹja so okùn àwọ̀n mọ́ ọkọ̀, wọ́n fà á, okùn já, gbogbo wọn fìdí jókòó sínú omi. Omi ti dé ibẹ̀ nígbà náà.

Aṣọ etù ló kù. Bánúsọ gbé e dání, ó ń wò ó. Ó mọ̀ pé kò yẹ. Ó na etù sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó tẹná lẹ́ẹ̀kan sí i. Táyà hú u, ó ya á, ó jù ú sẹ́yìn, ìgbì gbà á lọ.

Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá dé, ó ru ẹrù, ó ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró dè é níwájú. Ó rí etù tó ń léfòó lọ. Ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dẹ táyà ni?"

"Wọ́n sọ fún mi."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá. Sàláwù. Àwọn wọ̀nyí." Ó tọ́ka sí arúgbó. "Bàbá yìí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Bàbá yìí?" Fẹ̀yìntọlá wo ọkọ rẹ̀, ó wo arúgbó. "Ẹ ò mọ bàbá mi mọ́ ni?"

Arúgbó náà ṣí fìlà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ilẹ̀ bá lè gbé èèyàn mì bó ṣe ń gbé táyà mì, Bánúsọ ì bá wọlẹ̀ lọ. Ó sáré bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà, ó ń fi ìka wá ẹnu tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ láti dẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ jù, ẹnu táyà ti wà nínú yanrìn, omi ti bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, tagbádá tagbádá, ìgbì ń gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, mo ṣẹ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ mẹkáníìkì. Ojú ló ń tì mí láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n wá sin ìyá. Fẹ̀yìntọlá, mo ṣẹ̀ ọ́, mo bẹ̀ ọ́."

Omijé bọ́ lójú Fẹ̀yìntọlá.

"Olówó orí mi, ọ̀rọ̀ tí mo fi oṣù mẹ́ta dúró dè nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá mi, ibi tí ẹ dọ̀bálẹ̀ sí yìí ni mo dúró sí, mò ń wo ọ̀nà títí oòrùn fi wọ̀. Ká ní ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá láti ilé ni, láìmú mẹkáníìkì, láìmú táyà líle, ẹ ì bá ti bá mi nílé kí omi tó kún. A ì bá ti sọ̀rọ̀." Wọ́n pè é láti inú ọkọ̀. Omi ti kún. "Ẹ dìde, kí òtútù má mú yín."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó lọ. Kò bínú mọ́, àmọ́ ó lọ. Kí oòrùn tó kanrí, òkun ti bo píkọ́ọ̀pù dé orí.

Bánúsọ ò padà sí Ìjẹ̀bú mọ́. Ó ń bẹ níbi tí ọ̀dà parí sí, òun àti Sàláwù, ó ń bá àwọn tó ń wọ yanrìn dẹ táyà. Bí ọkọ̀ Wàrì bá ń bọ̀, á dìde, á dúró, á máa wo ojú omi. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà padà? Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti wá kí bàbá rẹ̀. Ó kí Bánúsọ, ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó fún un lẹ́ja. Bánúsọ máa ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e dé ilé bàbá, á bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, á tún bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Bí awakọ̀ kan bá wá dé pẹ̀lú agbádá, tó ní kí wọ́n má dẹ táyà òun, pé bí òun bá dé iwájú tó bá le, òun á dẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, Bánúsọ ò ní bá a jiyàn. Á kàn mú un lọ́wọ́, á mú un fẹsẹ̀ rìn gba etí omi títí dé ibi tí òkun ti fà sẹ́yìn, tí orí píkọ́ọ̀pù yọ díẹ̀, tí ẹyẹ méjì bà lé e.

"Tèmi nìyẹn," ni yóò wí. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì le dáadáa nísàlẹ̀ omi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ilé la ti ń dẹ táyà lọ bẹ àna."