Rùmáánì Àdìgún àti Adìẹ Ìyá Gáníyù

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé aláìbéèrè ní í jẹ àpò, adìẹ ní í jẹ ẹrù? Ẹ má kàn máa mi orí fún mi. Gbígbọ́ lẹ gbọ́ òwe náà, ẹ ò mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Àwọn kan ń sọ pé alájàpá kan ni àpò rẹ̀ lu lọ́nà oko. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìdí ààrò ni òwe náà ti wá, ààrò Ṣífáwù ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ní ìlú Òkè-Amọ̀. Àánú obìnrin náà ń ṣe mí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu mi, ẹ má bá mi wí.

Ṣífáwù mọ ọbẹ̀ í sè. Mi ò ní bu ẹ̀tẹ́ lù ú. Bí ó bá ń dín ata, àwọn tí ọ̀nà wọn kò gba ibẹ̀ rárá á yà á gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ní ẹni tó bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ ọbẹ̀. Imú òun àti ojú òun ti tó. Kì í sì í bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan fún un, kí onítọ̀hún tó sọ dé ìdajì, Ṣífáwù á ti ní, "Mo ti mọ̀." Àwọn aládùúgbò rẹ̀ á wo ara wọn, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síbòmíràn.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, Mùdáṣírù, tó jẹ́ pé oríkì rẹ̀, Àdìgún, ni ó máa ń fi pè é. Ìyá wọn kú nígbà tí Àdìgún kò tí ì lè dá ṣòkòtò so. Ẹ̀yìn Ṣífáwù ló gùn, ọbẹ̀ Ṣífáwù ló jẹ dàgbà. Nígbà tó di géńdé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Kánò, láti Kánò ó dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn kan ti ń pe Ṣífáwù ní ọmọ àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn ún. Bí ọkọ̀ kan bá fọn fèrè lójú títì, á jáde wò ó.

Ọjọ́ kan ni Àdìgún sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ náà. Ó ti di Àlàájì, ó wọ jálàbíà funfun báláú, ó gbé àpò èso kan léjìká. Èso náà tó osàn ní títóbi, èèpo rẹ̀ pọ́n, ó nípọn, ó sì yọ ṣóńṣó lórí bí ẹni dé adé kékeré. Rùmáánì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tó wà níbí, pómégíránétì inú Bíbélì yín náà ni. Ẹ ti ń kà á tipẹ́, ẹ ò mọ ojú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi Ṣífáwù rẹ́rìn-ín, ẹ rọra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àdìgún dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "àwọn àna mi ní kí n wá máa bá àwọn ṣòwò ní Kánò, ọkọ̀ sì ń lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ń fà sílé. Ẹ bá mi fi èso yìí se ọbẹ̀ lónìí, kí n pe Lèmọ́mù àti àwọn àgbà àdúgbò wá jẹ ẹ́. Bí mo bá jẹun tán, tí ilé bá ṣì rí bí ilé lára mi, mi ò lọ mọ́."

Àyà Ṣífáwù já, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ti ń tọrọ lórí ìkúnlẹ̀ láti ọdúnmọ́dún wá, ọbẹ̀ ló bá a wá! Bí ó bá ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni, Àdìgún kò lọ síbì kankan.

"Gbé e síbẹ̀," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Mo ti mọ̀."

"Ohun inú rẹ̀ ni wọ́n..."

"Àdìgún! Èmi tí mo fi ọbẹ̀ tọ́ ọ dàgbà, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń se èso? Lọ kí àwọn ènìyàn rẹ, jàre."

Àdìgún gbé àpò èso náà kalẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí sàréè ìyá wọn.

Ṣífáwù gbé ọ̀bẹ lé rùmáánì. Oje pupa fọ́n sí i láyà, ó ta sí i lójú, ó ba ìró rẹ̀ jẹ́. Ìyá Gáníyù, tó jẹ́ pé ọgbà pákó nìkan ló wà láàárín ilé tirẹ̀ àti ti Ṣífáwù, yọjú, ẹ̀rù bà á.

"Yéè! Ṣífáwù, ṣé ọwọ́ lo gé?"

"Èso ni. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ó wo inú èso náà. Kóró ló kún ibẹ̀. Kóró lókè, kóró nísàlẹ̀, kóró pupa tó ń dán, tó so mọ́ra bí ẹyin ẹja. Ẹ wá gbọ́ bí ó ṣe rò ó. Àwa bá àgbálùmọ̀, a lá a, a tu kóró rẹ̀. A mu osàn, a tu kóró rẹ̀. Ta ló ń jẹ kóró èso? Ṣífáwù gbà pé aráyé kan náà ni gbogbo wa, pé nǹkan funfun tó nípọn lábẹ́ èèpo ni ẹran èso náà. Kò rántí pé kóró náà ni obì tí òun ń jẹ láràárọ̀. Ká ní ó rántí ni, à bá má ní òwe kankan láti pa lónìí.

Ó wa kóró inú àwọn èso náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka ha inú wọn, ó fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Ó kó kóró sínú ọpọ́n, ó dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ọpọ́n tó kanlẹ̀, adìẹ Ìyá Gáníyù ti kọjá lábẹ́ ọgbà.

"Kí lò ń dà fún adìẹ mi?" Ìyá Gáníyù pariwo.

"Pàǹtí ni!"

Ló bá gé èèpo wẹ́wẹ́, ó gún un mọ́ ata, ó dà á lé ẹran ewúrẹ́ nínú ìkòkò irin. Kò pẹ́, ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó dúdú, ó dúdú, àfi bí aró. Ṣífáwù fi epo sí i. Ó fi irú sí i. Ó fi iyọ̀ sí i, ó tún fi oyin sí i kí iyọ̀ má bàa dá wà. Imú rẹ̀ ń sọ fún un pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn. Ó dá imú náà lóhùn pé òun ti mọ̀.

Ọ̀sán pọ́n, àwọn àgbà dé, wọ́n jókòó sórí ẹní. Àdìgún ránṣẹ́ pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú ti fi ìkíni dá òun dúró, kí wọ́n máa jẹun lọ. Ṣífáwù gbé iyán kalẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu wọn.

Lèmọ́mù bu òkèlè àkọ́kọ́. Ẹnu rẹ̀ fà jọ bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ó fẹ́ tu ú, ó wá rántí pé èso ilẹ̀ mímọ́ ni, ó sì rí Ṣífáwù lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Ó gbé e mì.

"Alihamudu lilai," ó ní, pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹnu tó kù fún un.

Nígbà tí Lèmọ́mù gbé tirẹ̀ mì, ta ni yóò tu tirẹ̀? Gbogbo wọn ń gbé e mì. Wọ́n gbà nínú ọkàn wọn pé bí ìwà mímọ́ ṣe máa ń rí lẹ́nu nìyẹn, pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ló jẹ́ kó korò.

"Adùn rẹ̀ jinlẹ̀," Lèmọ́mù ní.

"Ó jinlẹ̀ lóòótọ́," Baba Ràúfù, tó jẹ́ aránbàtà, fèsì. "Mo ṣì ń wà á lọ."

"Ẹ bu díẹ̀ kún tèmi," Lèmọ́mù ní, "nítorí ìbùkún."

Ṣífáwù fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé Àdìgún kò lọ mọ́, Àdìgún kò lọ mọ́.

Ìgbà yẹn ni Àdìgún wọlé. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí ọbẹ̀, ọwọ́ náà sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kóró rẹ̀ dà?"

"Kóró? Mo ti dà á nù. Mo fọ inú rẹ̀ mọ́ dáadáa."

Àdìgún dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ Ìyá Gáníyù wà níbẹ̀, ẹnu gbogbo wọn pọ́n bí ẹnu ìyàwó tuntun. Àkùkọ ti gun orí odó, ó ń kọ láìjẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́. Àgbébọ̀ kan ti na apá sílẹ̀, ó ń sùn, ayé yẹ ẹ́. Àdìgún wò wọ́n títí. Ó padà wọlé.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, "àwa jẹ àpò, adìẹ jẹ ẹrù."

"Àpò wo?" Lèmọ́mù bèèrè.

"Èèpo ni ẹ jẹ. Wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń rẹ awọ ẹran sínú omi rẹ̀ ni, kó le, kí wọ́n tó fi rán bàtà."

Baba Ràúfù fi ọwọ́ pa ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n lára," ó ní. "Ọ̀fun mi ti di awọ bàtà."

Lèmọ́mù fẹ́ la ẹnu gba àdúrà fún gbogbo wọn. Ẹnu kò là. Súfèé ló jáde, súfèé tó ròkè lala, bẹ́ẹ̀ ni ajá ọdẹ tó wà ní ilé kejì sáré wọlé wá jókòó níwájú rẹ̀, ó ń ju ìrù.

Ṣífáwù kò dúró wo ajá. Ó ti ya lu adìẹ. "Ẹ bá mi mú wọn! Oúnjẹ àbúrò mi wà nínú wọn!" Ó lé wọn yí odó ká, ó lé wọn gba inú ọṣẹ tí wọ́n ń sá, ó ya ọgbà pákó wọ ilé Ìyá Gáníyù.

"Mo bi ọ́, o ní pàǹtí ni!" Ìyá Gáníyù ń ké. "Mo bi ọ́, Ṣífáwù!"

Àgbébọ̀ tó ń sùn ló rí mú. Ó gbé iṣu fún Ìyá Gáníyù dípò rẹ̀, ó ní kí Lèmọ́mù wá dúńbú rẹ̀ kíá, kí wọ́n yọ kóró inú rẹ̀ kó tó dà. Lèmọ́mù mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ pe Bìsìmílàhí. Súfèé. Ajá tún sún mọ́ ọn. Wọ́n ní kí wọ́n dúró kí ẹnu Lèmọ́mù tọ́ ná.

Ṣífáwù jókòó sórí ìtì igi, ó há adìẹ mọ́ abíyá, oje rùmáánì ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Nígbà tó yá, ó ní:

"Àdìgún, jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́?"

Àdìgún wò ó. Ó jókòó tì í.

"Ẹ ó là á sí méjì, ẹ ó da ojú rẹ̀ dé ọpọ́n, ẹ ó máa fi ṣíbí lù ú lẹ́yìn. Kóró á máa já bọ́. Ẹ ó bù ú sẹ́nu lẹ́kúnwọ́. Bí ẹ bá ti fi eyín tẹ̀ ẹ́, omi á tú jáde, adùn á ṣíwájú, kíkan díẹ̀ á tẹ̀ lé e, ẹ ò ní mọ̀gbà tí ọwọ́ yín tún padà sínú ọpọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi sebẹ̀, ẹ ó fún omi rẹ̀, ẹ ó gbé e ka iná tí kò ru, títí á fi ki bí oyin. Òun lẹ ó dà lé ẹran ewúrẹ́ tó ti rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀. Bí ẹ bá bù ú sáwo tán, ẹ ó wọ́n kóró tútù díẹ̀ sójú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mo rántí. Mo ní ì bá dára bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bá lè kan eléyìí."

Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ gbé itọ́ mì, ó sì ro wọ́n lọ́fun. Adìẹ abíyá Ṣífáwù di ojú. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló lè jẹ́rìí pé òótọ́ ni Àdìgún ń sọ.

"Dúró," Ṣífáwù ní. "Dúró, n ó se òmíràn fún ọ."

"Ọbẹ̀ kọ́ ló ń lé mi lọ. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò nílé nígbà náà, mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún yín. Ẹ ní ẹ ti mọ̀."

"Sọ ọ́ báyìí. Mò ń gbọ́."

Àdìgún ronú títí, ó mi orí.

"Mo ti gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ó ti pẹ́ jù."

Nígbà tí ẹnu Lèmọ́mù fi máa tọ́ tó láti pe Bìsìmílàhí, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ọkọ̀ Kánò ti lọ, Àdìgún sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n dúńbú adìẹ náà, wọ́n la iwe rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, àti omi pupa tí kò tó í rin ìka. Ṣífáwù kò bínú. Ó se adìẹ ọ̀hún, ó jókòó tì í lórí iná, ó bu omi ọbẹ̀ rẹ̀ tọ́ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó fa ẹran ya, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá nǹkan káàkiri nínú ẹnu rẹ̀.

Ìyá Gáníyù fara ti ọgbà. "Ṣé adùn rùmáánì wà nínú rẹ̀?"

Ṣífáwù jẹ ẹ́ tán, ó pọ́n eegun rẹ̀ lá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mi ò jẹ rùmáánì rí," ó ní. "Báwo ni n ó ṣe dá a mọ̀?"

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Aláìbéèrè ní í jẹ àpò, adìẹ ní í jẹ ẹrù. Bí aláìbéèrè bá sì jẹ adìẹ náà tán, kò ní mọ ohun tí òun jẹ.